Bí mo ṣe ń yan ọta fún 1,000 yáàdì

Ìwé òfin ìdíje ìbọn yíyìn ni kí o kọ́kọ́ kà, kó o tó ná kọ́bọ̀. Èmi ò kà á. Mo ra ìbọn tó ń yin ọta 6.5 Creedmoor ní Texas níbí, àṣé ọta .308 Winchester àti .223 Remington nìkan ni wọ́n ń gbà ní F-TR, ẹ̀ka ìdíje tí mo fẹ́ wọ̀. Ni mo bá bọ́ sáàárín àwọn àgbà F-Open, ẹ̀ka tó gba oríṣi ọta mìíràn. Ojú mi rí nǹkan!

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ló kàn. Ọta tó gùn, tó sì rí ṣóńṣó, máa ń la afẹ́fẹ́ ju èyí tó kúrú lọ. Ó lè rẹ .308 kó tó dé 1,000 yáàdì. Bí eré rẹ̀ bá ti wá sílẹ̀ sí ti ìró, ó lè máa gbọ̀n. Creedmoor, tí Hornady, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọta, gbé jáde ní 2007, kì í tètè rẹ̀, kì í sì í gbá èjìká tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó ń jẹ ọ̀pá ìbọn ju .308 lọ. (Ṣakabùlà bàbá bàbá mi kò mọ wàhálà yìí.)

Tó o bá ti yàn tán, ra páálí tí nọ́ńbà lot wọn (nọ́ńbà tó ń fi hàn pé ìgbà kan náà ni wọ́n ṣe wọ́n) bára mu.