Orin Tí Mo Dáúnlóòdù Dà? Bí A Ṣe Ń Wá A Rí Lórí Fóònù

"Ọmọ mi, fóònù yìí ti gbé orin mi mì o!"

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló pè mí láti ìsọ̀ èlùbọ́ wọn ní Odò Ògbè, níbí ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n ti ra dátà, wọ́n ti fi Chrome dáúnlóòdù àpàlà àtijọ́ márùn-ún, wọ́n sì fojú ara wọn rí i pé ó parí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣí VLC, áàpù tí a fi ń gbọ́ orin, èyí tí ọmọ wọn gbé sórí fóònù náà, òfìfo ni wọ́n bá.

Fóònù kì í gbé orin mì. Ọ̀nà tí orin bá gbà wọlé ló ń sọ yàrá tí yóò sùn, áàpù tí a fi ń gbọ́ orin kì í sì í wọ gbogbo yàrá. Nítorí náà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ibi gbogbo, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: báwo ni orin yìí ṣe dé ibí?

Ọ̀nà wo ló gbà wọlé?

Bó bá jẹ́ Chrome lẹ fi gbà á, fóldà Download ni kí ẹ lọ. Bó bá jẹ́ Xender ni ọ̀rẹ́ yín fi ta á sí yín, ẹ wá fóldà tó ń jẹ́ Xender, kí ẹ wo audio nínú rẹ̀. Ti Bluetooth máa ń wà nínú fóldà Bluetooth tàbí nínú Download. Irú fóònù tí ẹ ń lò ló máa sọ ọ́.

WhatsApp ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Tẹ́lẹ̀, gbangba ni fóldà rẹ̀ wà, bí ẹ bá ti ṣí fóònù lẹ ó rí i. Nígbà tí Android 11 jáde lọ́dún 2020, Google mú un le fún áàpù láti máa da ẹrù rẹ̀ síta bó ṣe wù ú, WhatsApp náà sì kó tirẹ̀ wọlé. Ọ̀nà ibẹ̀ nìyí: ẹ wọ Android, ẹ wọ media, ẹ wọ com.whatsapp, ẹ wọ WhatsApp, ẹ wọ Media, kí ẹ tó dé WhatsApp Audio. Ó gùn bí ẹni ń fẹsẹ̀ rin Ẹnuwá dé géètì OAU, ṣùgbọ́n ẹ ó débẹ̀. Bí ẹ kò bá sì rí orin náà níbẹ̀, ẹ wo WhatsApp Documents tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi orin ránṣẹ́ bí ẹni ń fi ìwé ránṣẹ́.

Ti Telegram yàtọ̀. Orin tí ẹ gbọ́ nínú Telegram ṣì wà ní yàrá Telegram fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ àmì kékeré mẹ́ta tó tò léra, kí ẹ yan Save to Music, kí orin náà lè jáde síta.

Ibi tí mo ti máa ń bá àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Lágéré jiyàn nìyí: Audiomack, Boomplay, Spotify, YouTube Music. Wọ́n á ní, "Bọ̀dá, mo ti dáúnlóòdù ẹ̀ o, ẹ bá mi wá fóldà ẹ̀." Kò sí fóldà tí mo fẹ́ wá. Ohun tí àwọn áàpù wọ̀nyí ń pè ní download, wọ́n kàn gbé orin náà sínú àpótí, wọ́n tì í pa, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ tilẹ̀ rí fáìlì náà, VLC kò lè kọ ọ́. Èmi kì í fi àkókò ṣòfò sí i. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ orin tí ẹ lè gbé kiri, ẹ wá ibi tí olórin ti ń ta fáìlì mp3 gan-an, bíi Bandcamp.

Ẹ wá a jáde

Ẹ ṣí áàpù tó ń kó fáìlì jọ. Lórí Tecno, Infinix àti itel, File Manager ló ń jẹ́; lórí Samsung, My Files. Files ti Google náà dára. Ẹ tẹ Audio, kí ẹ jẹ́ kí ó fi èyí tó dé kẹ́yìn ṣíwájú. Lọ́pọ̀ ìgbà, orin yín á ti wà lókè pátápátá.

Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ tẹ mp3 sínú àpótí ìwákiri. Bí kò bá gbé e jáde, ẹ tẹ m4a, irú fáìlì orin mìíràn. Bó bá jẹ́ orúkọ lẹ fẹ́ fi wá a, ẹ má fi àmì ohùn sí i. Ẹni tó sọ fáìlì náà lórúkọ kò jókòó ti ìwé gírámà: bó bá jẹ́ ti Haruna Ishola, olórin àpàlà, ẹnì kan á kọ Ishola, ẹlòmíràn á kọ Isola. Ẹ kúkú tẹ "Haruna" nìkan.

Tí ẹ bá ti rí i, ẹ fìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ́ díẹ̀, kí ẹ wo Details tàbí Properties. Ohun méjì lẹ ń wò. Àkọ́kọ́ ni àdírẹ́sì rẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú /storage/emulated/0, inú fóònù gan-an ló wà. Bó bá jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́rin, dáàṣì, mẹ́rin mìíràn ló tẹ̀ lé storage, orí mẹ́mọ́rì káàdì ni. Ìkejì ni bó ṣe tóbi tó. Orin 128 kbps (kbps ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn orin ṣe kún tó) máa ń gba nǹkan bí 1MB fún ìṣẹ́jú kan, ti 320 kbps sì máa ń tó 2.4MB. Àpàlà tí wọ́n ká láti ara àwo, tí ojú kan rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 15, yẹ kó tó 15MB. Bí ẹ bá rí 48KB, orin kọ́ lẹ gbà.

Ẹ gbé e síbi tó hàn

Ẹ yan orin náà, ẹ tẹ Copy, ẹ wọ fóldà Music, ẹ tẹ Paste. Fún ti WhatsApp, Copy ni mo sọ o, kì í ṣe Move. Bí ẹ bá kó o kúrò pátápátá, WhatsApp kò ní rí i mọ́ nígbà tí ẹ bá padà tẹ̀ ẹ́ nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ.

Áàpù ò tún rí i?

Àṣẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ lọ sí Settings, Apps, ẹ yan áàpù náà, ẹ tẹ Permissions. Láti Android 13 (2022), Music and audio ni wọ́n ń pè é. Lórí èyí tó ṣáájú rẹ̀, ẹ ó rí Storage tàbí Files and media. Ẹ tẹ Allow, kí ẹ pa áàpù náà, kí ẹ tún un ṣí.

Ohun tó ṣe ẹ̀gbọ́n ìyá mi nìyẹn gan-an. Ọmọ wọn tó gbé VLC sórí fóònù ọ̀hún náà ló kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n máa tẹ Don't allow sí ohunkóhun tí fóònù bá bi wọ́n, nítorí àwọn gbájú-ẹ̀. VLC bi wọ́n léèrè, wọ́n sì ṣe bí ọmọ wọn ṣe wí.

Bí àṣẹ bá wà, ẹ wo Folders dípò Songs. Orúkọ tí wọ́n kọ sínú orin lè yàtọ̀ sí orúkọ fáìlì; mo ti rí èyí tó jẹ́ pé orúkọ ìkànnì tí wọ́n ti gbà á ló kọ sí àyè olórin. Àwọn áàpù kan tún máa ń fo ohun tí kò bá tó 30 tàbí 60 ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ wá a nínú sẹ́tíńgì wọn kí ẹ pa á. Bí fóldà odidi kan bá pòórá, ẹ tẹ Show hidden files nínú File Manager, kí ẹ wò ó bóyá fáìlì .nomedia wà nínú rẹ̀. Òun ló ń sọ fún áàpù pé kí wọ́n kọjá lọ. Ẹ má pa á rẹ́, ẹ kàn kó orin yín kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀yin oní-iPhone, ẹ ṣí Files, ẹ tẹ Browse, Downloads á wà nínú iCloud Drive tàbí On My iPhone. Ẹ kọ́pì orin náà sínú fóldà VLC tó wà ní On My iPhone, ó parí.

Ní ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi, mẹ́rin nínú àpàlà márùn-ún náà jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìkarùn-ún ni 48KB tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ojú ewé ìkànnì lásán. Mo ní kí wọ́n tún un gbà. Wọ́n wò mí, wọ́n ní dátà tèmi ni kí n fi gbà á.