Òjé Ló Ń Dà Yín Láàmú, Kì í Ṣe Ekurá

Ó ti sú mi. Bí oṣù keje bá ti wọlé, tí ẹja ekurá, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ṣáàkì, bá ti ń kóra jọ sí Aliwal Shoal, àpáta abẹ́ òkun kan lẹ́bàá ìlú Umkomaas ní Gúúsù Áfíríkà, láti wá gun ara wọn, àwọn òmòòkùn tuntun á dé, ọ̀bẹ gígùn lójúgun wọn. Kí lẹ fẹ́ fi ọ̀bẹ ṣe? Ẹ dákun, ẹ tọ́jú owó yín.

Èkíní, ẹ má ra kámẹ́rà kí ẹ tó mọ bí a ṣe ń dúró sójú kan nínú omi.

Èkejì, ẹ má ṣe tìtorí ìbẹ̀rù sé èémí kí ẹ sì sáré gòkè. Afẹ́fẹ́ tí ẹ mí sínú ní mítà 10 á wú di ìlọ́po méjì kí ẹ tó yọrí, ó sì lè fa ẹ̀dọ̀fóró ya.

Ẹ̀kẹta ni òjé, irin wúwo tí òmòòkùn ń sán mọ́dìí kí ó lè rì. Lọ́dún kan, ọkùnrin kan bá wa wọ ọkọ̀ rọ́bà, kílò 12 ló sán mọ́dìí. Mo ní ó pọ̀. Ó ní iye tí wọ́n fún òun níbi tí òun ti kọ́ ọ nìyẹn. Ó rì bí òkúta. Ó balẹ̀ sórí iyanrìn níwájú ihò tí wọ́n ń pè ní Cathedral, ó ń fọwọ́ wa omi bí ẹni ń lé eṣinṣin, omi bá dà rú. Ekurá márùn-ún la bá níbẹ̀. Ọ̀kan ti sún mọ́ mi débi pé mo rí ìwọ̀ tó ti dípẹtà létí ẹnu rẹ̀. Eyín rẹ̀ yọ síta ṣákaṣàka, síbẹ̀ jẹ́jẹ́ ló ń lọ: irú èyí a máa gbé afẹ́fẹ́ mì lójú omi kí ó lè léfòó láìṣe wàhálà. A ṣàdédé gbọ́ pàá, bí ìbọn. Ìrù ló fi na omi. Gbogbo ekurá náà bá tiwọn lọ. Afẹ́fẹ́ ọkùnrin yẹn tán ní ìṣẹ́jú 15, gbogbo wa la sì bá a gòkè, pẹ̀lú owó tí kálukú ti san.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń di òjé àdìjù mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nídìí kí wọ́n lè tètè rì, ẹ kò ṣe dáadáa. Wíwọ̀n ọ́n kò le. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tú gbogbo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀wù ìmòòkùn rẹ̀, èyí tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí kí a lè léfòó, dànù lójú omi, kó mí sínú níwọ̀nba: kí omi dé ọ̀gangan ẹyinjú rẹ̀ gan-an. Tó bá mí síta, kó máa rì. Bí sìlíńdà afẹ́fẹ́ tó ń mí bá ṣì kún, ẹ fi bíi kílò 2 kún un, torí afẹ́fẹ́ tó máa mí tán náà ní ìwọ̀n. Lọ́jọ́ kejì a wọn ti ọkùnrin yẹn: kílò 7 ló tó o. Ìṣẹ́jú 38 ló lò, ekurá kan sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìyà.

Ẹ má dí ẹnu ihò. Ibẹ̀ lẹja ń gbà jáde. Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n.

Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú alẹ́ ọjọ́ kan náà láti Durban ńkọ́? Ẹ má rà á. Tí ẹ bá mòòkùn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó kéré tán, ẹ sinmi fún wákàtí 18 kí ẹ tó wọ bàálù.