Áàpù báǹkì mi wà ní títì, síìmù ni olè fi kó owó mi lọ

98,500 náírà ló jáde nínú àkáǹtì mi láàárín ogójì ìṣẹ́jú. Ọ̀sẹ̀ Iléyá ni, ìgbà tí iṣẹ́ aṣọ rírán máa ń dà lé wa lórí ní Nyanya, ní Àbújá, owó àsansílẹ̀ àwọn oníbàárà sì ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ó ń dùn mí títí di òní.

Mi ò ní torí ìyẹn bú báǹkì orí fóònù o. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí a wá owó bébà tì, tí ẹ̀rọ ATM ń gbẹ, tíráńsífà ni kò jẹ́ kí n ti ṣọ́ọ̀bù pa. Bí mo bá ń lọ ra òwú àti síìpù lọ́jà Wuse báyìí, mi ò kó owó sápò wọ mọ́tò. Ìrọ̀rùn ńlá ni.

Ibi tí a ti ń dù láti wọ mọ́tò ni wọ́n ti yọ fóònù mi. Ó ní pásíwọ́ọ̀dù, ìka ọwọ́ mi ló sì ń ṣí áàpù báǹkì, ọkàn mi wá balẹ̀. Àṣé olè ò tiẹ̀ ní í fọwọ́ kan áàpù. Bí wọ́n ṣe là á yé mi ní báǹkì lẹ́yìn náà ni pé ó yọ síìmù mi, ó fi í sínú fóònù mìíràn, ó tẹ kóòdù báǹkì, èyí tí kò nílò áàpù. Káàdì ATM mi wà nínú páàsì ẹ̀yìn fóònù, nọ́ńbà ara káàdì yẹn ló sì fi yí PIN kóòdù padà. Ohun tó dá a dúró ni pé CBN ò jẹ́ kí èèyàn fi kóòdù rán ju 100,000 náírà lọ lóòjọ́.

Gbogbo ogójì ìṣẹ́jú yẹn, èmi ń wá nọ́ńbà tí màá fi pe báǹkì kiri. Ọmọ iṣẹ́ mi ló ní, "Àǹtí, ẹ fi fóònù tèmi tẹ kóòdù tí wọ́n fi ń ti àkáǹtì pa." Mi ò mọ̀ pé ó wà, mi ò sì mọ̀ pé fóònù ẹlòmíì lè ṣe é. Ká ní mo mọ̀ ni!

Mo ra fóònù mìíràn, mo gba káàdì tuntun, ìyẹn ò le. Líínì mi ló dá mi lóró. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo dé ọ́fíìsì iléeṣẹ́ tó ni líínì náà kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, èrò ti kún. Wọ́n ní kí n lọ gba ìwé ìbúra ní kóòtù. Mo gbà á dé, wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, kí n padà wá lọ́la. Lọ́jọ́ Rú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, ẹ̀rọ kọ ìka mi. Wọ́n máa ń fi ìka ẹni wé èyí tó wà nínú NIN kí wọ́n tó dá líínì padà, ogún ọdún ni mo sì ti ń ti abẹ́rẹ́, tí mò ń di áyọ́ọ̀nù gbígbóná mú. Ojú ìka mi ti jẹ. Àtàǹpàkò, ó kọ̀. Ìfábẹ̀lá, ó kọ̀. Ọmọbìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ kàn ń sọ pé, "Mọ́mì, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa." Mo tẹ̀ ẹ́ títí ìka fi ń ro mí. Ó wá ní kí n lọ tún NIN mi ṣe. Nínú ọ̀sẹ̀ Iléyá! Inú bí mi débi pé omi ń bọ́ lójú mi. Ọkùnrin kan níta ní kí n mú 15,000 náírà wá, òun á bá mi ṣe é. Mo kọ̀ jálẹ̀.

Láàárín ìgbà yẹn, mi ò rí alááàtì kankan gbà. Oníbàárà kan fi ojú fóònù ẹ̀ hàn mí pé òun ti san 27,000, ó kó aṣọ ọmọ mẹ́ta lọ. Owó yẹn ò wọlé rí.

Bàbá Hausa kan tó ń ta àlùbọ́sà ní Mararaba ló ràn mí lọ́wọ́. Ó ní ìka òun náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí: kí n fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ ọwọ́, kí n fi faselíìnì díẹ̀ pa á, kí n nù ún, kí n wá gbé e lé ẹ̀rọ jẹ́jẹ́, kí n má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀, ìka àárín ọwọ́ òsì mi wọlé. Mo pariwo ayọ̀ níbẹ̀, ojú ò tì mí. Èmi fúnra mi ni mo ṣe é, kọ́bọ̀ mi kankan ò bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó wà níta.

Nígbà tí líínì dé, báǹkì tún dí áàpù mi fún wákàtí 24 torí síìmù tuntun ni. Èyí ò bí mi nínú rárá. Ká ní olè ló lọ gba líínì mi, ìyẹn ni ìbá gbà mí sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi PIN ti síìmù yín fúnra ẹ̀, ó wà nínú sẹ́tíńsì fóònù. Ẹni tó bá fi í sínú fóònù mìíràn á ní láti tẹ PIN yẹn. Tó bá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹ́ta, síìmù á tì pa, PUK onínọ́ńbà mẹ́jọ, èyí tí wọ́n fi ń ṣí i padà, ló máa béèrè. Ara páálí síìmù ni wọ́n máa ń tẹ PUK yẹn sí, nítorí náà ẹ má jù ú nù. Káàdì mi ti kúrò lẹ́yìn fóònù. Kóòdù tí wọ́n fi ń ti àkáǹtì pa wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, ọmọ iṣẹ́ mi méjèèjì sì ti mọ̀ ọ́n lórí.

Báǹkì ní àwọn ò lè dá owó padà torí PIN ni wọ́n fi rán an. Mi ò gbà. Mo ti kọ̀wé sí wọn, wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé tí mi ò gbọ́ nǹkan kan, ọ̀dọ̀ CBN ni mò ń gbé e lọ.