Bí Mo Ṣe Ń Tọ́jú Ewéko Inú Táǹkì Ẹja Mi ní Kábà

Ẹja wẹ́wẹ́ ni mo ń sìn nínú táǹkì dígí onílítà 100 ní pálọ̀ ilé wa ní Kábà, ewéko gidi ni mo sì fẹ́ kó wà pẹ̀lú wọn, kì í ṣe ti rọ́bà. Ewéko tó bá ń dàgbà a máa fa ohun tí ìgbẹ́ ẹja ń tú sínú omi jẹ, a máa tú atẹ́gùn sí omi lọ́sàn-án, ẹja náà a sì rí ibi sá pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n kí èèyàn kọ́kọ́ wo irú ẹja tó ní. Èpìyà kò ṣeé fi sí i, àjẹrun ni yóò jẹ ẹ́.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Anubias barteri. Ewé rẹ̀ nípọn, ó ń dán, kò sì nílò ìmọ́lẹ̀ púpọ̀. Ìṣàn omi abẹ́ igbó ní apá ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ló ti ń hù. Charles Barter tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́ jẹ́ onímọ̀ ewéko tó bá Baikie gòkè Odò Ọya ní 1857, Baikie kan náà tó dá ibùdó sílẹ̀ ní Lọ́kọ́jà. Barter kú sí Rabba ní 1859. Ọdún kejì ni Schott, onímọ̀ ewéko ará Austria, fún ewéko náà lórúkọ. Inú mi máa ń dùn sí ìtàn yìí, nítorí àwọn kan rò pé ohun àjèjì là ń sìn.

Mo fi òṣíbàtà kan kún un. Ojú oró ní í lékè omi lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú táǹkì kékeré, bó bá ti lékè tán, ìmọ́lẹ̀ kò ní dé ìsàlẹ̀ mọ́. Mi ò fi sí i.

Anubias ní ọ̀pá kan tó nípọn ní ìdí, tó ń nà gbọọrọ bí atalẹ̀. Ara rẹ̀ ni ewé àti gbòǹgbò ti ń yọ. Ọ̀pá yìí kò gbọdọ̀ wọ inú yanrìn. Mo fi òwú ìránṣọ dúdú so ó mọ́ òkúta, gbòǹgbò ló sì di òkúta náà mú fúnra rẹ̀ nígbà tó yá. Ìyá mi, tó jẹ́ àgbẹ̀, dúró tì mí.

“Kí ló dé tí o ò bo ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀?”

“Màmá, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Tí yanrìn bá bò ó, jíjẹrà ni yóò jẹrà.”

Òkúta náà ṣe pàtàkì. Òkúta líle orí òkè tó yí wa ká dára, kì í yòrò sómi. Òkúta ẹfun bíi ti Ọbájànà, tàbí mábù Jákúrà, máa ń yòrò díẹ̀díẹ̀, yóò sì sọ omi di líle, ìyẹn omi tí ọṣẹ kì í hó dáadáa nínú rẹ̀. Ẹ ha ara òkúta náà díẹ̀, kí ẹ kán fínígà sí i. Bó bá hó, ẹ má fi sí i.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, mo gbé táǹkì kúrò níbi tí oòrùn ọ̀sán ti ń ta sí i, mo so gílóòbù LED mọ́ sólà, mo sì fi táímà sí i kó máa tàn fún wákàtí 7 lójúmọ́. Ìmọ́lẹ̀ tó bá pọ̀ ju oúnjẹ ewéko lọ, algae ló ń bọ́, ìyẹn ohun tútù yíyọ̀ tó máa ń bo òkúta odò. Anubias kì í yára dàgbà, ewé kan náà ló ń gbé pẹ́ títí, ìdí nìyẹn tó fi tètè máa ń bò ó.

Ewé ni mo máa ń wò kí n tó da ohunkóhun sómi. Ṣé ewé àgbà ló ń ṣàìsàn ni, àbí ewé tuntun? Ewéko lè yọ náítírójìn àti potáṣíọ̀mù, tí wọ́n jẹ́ oúnjẹ rẹ̀, lára ewé àgbà, kó gbé e fún èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Nítorí náà, bí náítírójìn bá wọ́n, ewé ìsàlẹ̀ ló ń pọ́n. Bó bá jẹ́ potáṣíọ̀mù, ewé àgbà náà ni yóò máa lu ihò wínníwínní. Irin kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti lò ó ló ń wà, kì í ṣí kúrò, ewé tuntun ló sì ń jìyà àìní rẹ̀: yóò yọ ní pípọ́n rẹ́súrẹ́sú, iṣan rẹ̀ nìkan ni yóò ṣì tutù.

Bí òṣíbàtà mi ṣe rí nìyẹn. Omi bọ́ọ̀hóòlù àdúgbò wa ní irin, ìdí báàkẹ́tì wa pupa, ṣùgbọ́n irin tó bá ti kan atẹ́gùn máa ń dípẹtà, ewéko kì í sì fi bẹ́ẹ̀ rí ìpẹtà jẹ. Mo wá lọ sídìí ilẹ̀ pupa tó wà lẹ́yìn ilé. Mo gbẹ́ èyí tó jìn, tí ajílẹ̀ àti oògùn apakòkòrò kò dé, mo pò ó, mo rọ́ ọ róbótó tó hóró ẹ̀wà, mo sá a gbẹ, mo sì fi ìka tì í wọ abẹ́ yanrìn lẹ́bàá gbòǹgbò. Atẹ́gùn kò pọ̀ níbẹ̀, irin inú amọ̀ a lè yòrò, gbòǹgbò a sì fà á. Ewé tó yọ lẹ́yìn náà tutù dé etí. Àwọn tó ti pọ́n tẹ́lẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ bọ̀ sípò, mo gé wọn.

Ìdá kan nínú mẹ́rin omi ni mo ń pààrọ̀ lọ́sẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, omi tó sùn síta máa ń tutù nini, inú ilé ni mo ń jẹ́ kó sùn kí n tó dà á sí i. Ọyẹ́ tún ń fa omi gbẹ. Omi òjò tí mo gbè pamọ́ ni mo fi ń dí èyí tó gbẹ, kí iyọ̀ omi má baà pọ̀ jù.

Nígbà tí ọ̀pá Anubias gùn dáadáa, mo fi ọ̀bẹ mímú gé e sí méjì, ewé mẹ́rin lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìyàrá ló gba èkejì, ó sì ti yọ ewé tuntun níbẹ̀.