Bàálù kékeré lálẹ́: àwọn àṣìṣe táa máa ń ṣe lórí ilẹ̀ kó tó di pé a gbéra

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìbàdàn tẹ́ ẹ ń kọ́ bàálù wíwà, ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́. Òkè la máa ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó mọ Bẹẹrẹ dáadáa lọ́sàn-án, jẹ́ kí NEPA múná lọ kó o wá wò ó bóyá kò ní kọjá kọ́nà tó fẹ́ yà sí. Bí pápá bàálù náà ṣe rí nìyẹn.

Ẹ má tan iná fóònù nínú kọ́kípíìtì, ibi táwọn awakọ̀ ń jókòó sí, rárá. Ojú èèyàn máa ń lo nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú kó tó mọ òkùnkùn lára, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ni iná funfun fi ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Tọ́ọ̀ṣì tí iná ẹ̀ ò le ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì dín iná dáṣíbọ́ọ̀dù kù.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ lójú mi rèé. Èmi àti ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ la jọ jókòó, a dúró ká lè dán ẹ́ńjìnì wò, ó tẹ bíréèkì àmọ́ kò tẹ̀ ẹ́ dénú, ló bá doríkọdò ó ń wo ìwé, èmi náà ń bá a wò ó. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí iná búlúù ẹ̀gbẹ́ táásíwéè, ọ̀nà tí bàálù ń gbà rìn lórí ilẹ̀, tó ń rọra lọ sẹ́yìn lábẹ́ ìyẹ́ wa. Iná ò kúkú lẹ́sẹ̀, àwa là ń rìn! Tó bá jẹ́ ọ̀sán ni, koríko àti ilé ì bá ti sọ fún wa, lálẹ́ kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́. Torí náà ẹnì kan ò gbọdọ̀ máa ka nǹkan tí bàálù bá ń rìn, ẹ dúró ná kẹ́ ẹ tó kà á, tẹ́ ẹ bá sì dúró, ẹ tún bojú wo ìta léraléra.

Àṣìṣe tó burú jù ni kéèyàn wọ rọ́nwéè, ojú ọ̀nà tí bàálù ti ń gbéra tó sì ń balẹ̀ sí, láìgbàṣẹ, tàbí kó wọ èyí tí kì í ṣe tiẹ̀. Iná búlúù ni ti ẹ̀gbẹ́ táásíwéè, funfun ni ti ẹ̀gbẹ́ rọ́nwéè, ìlà yẹ́lò mẹ́rin ló sì wà níbi tẹ́ ẹ ti máa dúró, méjì gbọọrọ, méjì tó já sí wẹ́wẹ́, tí gbọọrọ bá wà lọ́dọ̀ yín ẹ ò gbọdọ̀ kọjá àfi tí tówà, àwọn tó ń darí bàálù, bá ní kẹ́ ẹ kọjá. Lálẹ́ ọjọ́ kejì oṣù kìíní ọdún 2024, ní Haneda ní Jàpáánù, bàálù àwọn ẹ̀ṣọ́ etí òkun wọ rọ́nwéè, wọ́n gbọ́ pé àwọn ni nọ́ńbà kìíní, ìyẹn pé àwọn ló kàn láti gbéra, wọ́n rò pé àṣẹ ni. Bàálù ńlá tó ń bọ̀ sílẹ̀ kọlù wọ́n, márùn-ún kú nínú àwọn mẹ́fà. Àwọn 379 tó wà nínú bàálù ńlá jáde láàyè, a dúpẹ́. Tówà sọ̀rọ̀, ẹ tún un sọ fún wọn bó ṣe jẹ́ gẹ́lẹ́, tí kò bá yé yín ẹ bi wọ́n, ìtìjú kọ́.

Tẹ́ ẹ bá ti tò sórí rọ́nwéè, ẹ wo kọ́ńpáàsì. Lọ́dún 2006 ní Lexington, Amẹ́ríkà, ilẹ̀ ò tíì mọ́, rọ́nwéè 22 ni tówà ní káwọn awakọ̀ kan lò, wọ́n gbé bàálù sórí rọ́nwéè 26 tó kúrú, 49 èèyàn kú nínú 50. Nọ́ńbà rọ́nwéè ni ibi tó dojú kọ lórí kọ́ńpáàsì, òdo ìparí ni wọ́n yọ, torí náà kọ́ńpáàsì ì bá sọ 260 dípò 220 fún ẹni tó bá wò ó.

Ìwọ̀n ìrìn ẹlẹ́sẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa lọ lórí ilẹ̀. Iná funfun tó ń ṣẹ́jú wìrìwìrì lórí ìyẹ́ bàálù, ẹ pa á títí tẹ́ ẹ fi máa wọ rọ́nwéè, torí ó máa ń fọ́ àwọn yòókù lójú. Pùròpẹ́là ńkọ́? Tó bá ń yí lálẹ́ kò hàn sójú rárá, torí náà ẹ pa ẹ́ńjìnì kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bọ́ sílẹ̀, kódà tó bá jẹ́ pé àpò nìkan ló fẹ́ mú.