Bí mo ṣe tún ìsọ̀ àdìrẹ mi ṣí ní Ìtòkú, àti bí mo ṣe gbé ìrìnàjò Èkó yẹ̀ wò

Ní oṣù Èbìbí ọdún 2020, nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ òfin kónílé-ó-gbélé tí wọ́n ṣe nítorí àrùn kòrónà (COVID-19) díẹ̀díẹ̀, ìsọ̀ àdìrẹ mi ní ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ti wà ní títì fún ohun tó lé ní oṣù kan. Owó ọwọ́ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àwọn aláró mẹ́ta tí wọ́n ń bá mi ṣiṣẹ́ sì ń pè mí láti béèrè ìgbà tí a óò padà sídìí iṣẹ́. Nínú ilé kan náà ni èmi àti ìyá mi ń gbé, ẹni ọdún 78 tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí òun fúnra rẹ̀ sì ti rẹ aró títí ọjọ́ ogbó fi dé. Ohun tí mo ní láti pinnu kò ju méjì lọ: bí mo ṣe fẹ́ ṣí ìsọ̀, àti bóyá ó yẹ kí n lọ ra aṣọ ní Èkó. Ìjọba ti ní kí a máa jáde, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ pé àrùn náà ti lọ, ìyẹn ni mo sì fi sọ́kàn nínú gbogbo ohun tí mo ṣe.

Àwa ará Abẹ́òkúta ní ìdí láti mọ̀ pé ẹsẹ̀ arìnrìnàjò ni àrùn yìí ń bá wọ̀lú. Ọjọ́ 27 oṣù Èrèlé ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní i ní Nàìjíríà hàn, ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan tí ó ti Milan wọ Èkó, tí ó sì ti dé Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí kí a tó mọ̀. Ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà àtijọ́ lọ sí Èkó rí yóò mọ̀ pé Ewékorò kò jìnnà sí wa rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọdún 1918: ọkọ̀ ojú omi ni ó gbé àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn líle ìgbà náà dé Èkó, ojú irin ni ó sì bá gòkè, Láfẹ́nwá wa sì wà lójú irin ọ̀hún.

Ìsọ̀ ni mo kọ́kọ́ bójú tó. Inú rẹ̀ tóóró, kò ní fèrèsé, afẹ́fẹ́ kì í ráyè wọlé kí ó sì jáde, bẹ́ẹ̀ ni a ti gbọ́ pé irú ibẹ̀ gan-an ni èémí olókùnrùn máa ń dúró sí. Nítorí náà mo sọ inú di ibi ìkẹ́rù sí, mo gbé tábìlì jáde sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì ta okùn tí mo fi aṣọ kọ́ síta kí oníbàárà lè rí àwọ̀ àti iṣẹ́ ọnà láti òkèèrè. Mo gé àjákù aṣọ, mo rán ìbòmú onílọ̀ọ́po méjì fún èmi àti àwọn aláró mi. Mo ra ike omi tó ní ẹnu ẹ̀rọ, mo gbé ọṣẹ tì í.

Ibi tí iṣẹ́ gbé le ni pé kò sí ẹni tí ń fi ojú nìkan ra àdìrẹ. Olùrà gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, kí ó yí i padà wo ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó fi ìka ra á wò bóyá aró ń jáde. N kò lè dá wọn dúró, nítorí náà mo ní kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ mú aṣọ kọ́kọ́ fọ ọwọ́, torí pé ọṣẹ ń tú ọ̀rá tí ó bo kòkòrò àrùn náà lára, tí kò fi ní lè ṣe nǹkan kan mọ́. Ìyá àgbàlagbà kan bínú, ó ní, "Ṣé mo jọ alárùn lójú rẹ ni?" Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, màmá. Èmi ni mi ò fẹ́ kó o ràn yín." Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì ra ìró méjì. Ní ti ẹ̀rọ tí wọ́n ń nà sí iwájú orí ènìyàn láti wo bí ara ṣe gbóná tó, n kò gbára lé e, nítorí pé ẹni tí ara rẹ̀ kò gbóná lè ní àrùn náà kí ó sì kó o ran ẹlòmíràn.

Nígbà tí ó fi máa di oṣù Òkúdu, tẹ́rú, ìyẹn aṣọ funfun tí a ń rẹ, ti ń tán lọ́wọ́ wa. Ìjọba àpapọ̀ ṣì ka ìrìnàjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn léèwọ̀. Awakọ̀ kan ní òun yóò fi ọkọ̀ tòmátì gbé mi kọjá lóru pẹ̀lú àwọn mìíràn. Mo kọ̀. Yàtọ̀ sí òfin, ẹni mẹ́wàá tí wọ́n há mọ́ra wọn lábẹ́ tapólì fún wákàtí méjì ni ohun tí mo ń sá fún gan-an. Mo fi owó ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí ń ta aṣọ ní Èkó, ó fi ẹrù sọ́kọ̀, mo lọ gbà á. Nígbà tí a ti í bọ inú aró, kò mu ún dáadáa: òwú atọwọ́dá, irú èyí tí ó dà bí ọ̀rá náílọ́ọ̀nù, ni wọ́n pò mọ́ òwú rẹ̀. Owó mi wọlẹ̀, mo sì rí i pé bí àwọn oníbàárà mi ṣe gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan àdìrẹ ni èmi náà ṣe gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan tẹ́rú kí n tó rà á.

Ọjọ́ kìíní oṣù Agẹmọ ni wọ́n gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìrìnàjò. N kò lọ lọ́jọ́ náà, nítorí pé gbogbo ẹni tí ọ̀nà ti há mọ́ ni yóò ya sí gáréèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí n tó lọ, mo gbé ìyá mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Aṣẹ̀rò, bí ó tilẹ̀ ń ráhùn pé mo ń lé òun kúrò nílé. Èmi àti aláṣọ méjì pawọ́ pọ̀ háyà ọkọ̀ kékeré kan ní gáréèjì Kútọ̀. A ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀, a kò yọ ìbòmú, a gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tiwa dání, ìta gbangba sì ni a ti jẹ ẹ́. A dé ọjà Balógun ní Èkó kí èrò tó kún, mo fọwọ́ kan ìgàn kọ̀ọ̀kan kí n tó sanwó, a sì padà kí oòrùn tó wọ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo ka ọjọ́ 14, torí pé àrùn náà lè fara pamọ́ sínú ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó fi ara hàn. Láti ẹ̀yìn fèrèsé ni mo ti ń kí ìyá mi ní Aṣẹ̀rò. Ní ọjọ́ kẹfà, orí fọ́ mi, n kò sì sùn lóru náà. Kì í ṣe nítorí ara mi, bí kò ṣe nítorí àwọn aláró tí a jọ wà nídìí agbada aró lánàá. Ó lọ ní ọjọ́ kejì, kò sí ikọ́, kò sí ibà.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, mo lọ mú ìyá mi wálé. Kí ó tó jókòó ni ó ti béèrè aṣọ tí mo tìtorí rẹ̀ lé òun kúrò nílé. Mo mú ìgàn kan fún un. Ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ra á, ó gbé e sí imú, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, tẹ́rú nìyí."