Àpáta tó ń rí bàìbàì nínú fótò omi Ẹ̀rìn Ìjẹ̀ṣà, mo ti rí ojútùú ẹ̀ o

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé kámẹ́rà lọ síbi omi Olúmirin tó ń já látorí àpáta ní Ẹ̀rìn Ìjẹ̀ṣà, ẹ̀ẹ̀mejèèjì náà lomi jáde bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n, àmọ́ àpáta ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ rí bàìbàì, mo wá ń bú tripod mi, ìyẹn irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo ń gbé kámẹ́rà lé. Tripod ò mọwọ́mẹsẹ̀. Fíltà dúdú ND1000, gíláàsì tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù gan-an, ni mo máa ń kọ́kọ́ dè mọ́ lẹ́ńsì kí n tó ní kí kámẹ́rà fókọ́ọ̀sì, ìyẹn kó wá ibi tí àwòrán á ti mọ́ kedere, ibo ló ti fẹ́ ríran nínú òkùnkùn yẹn? Ní báyìí mo máa ń yọ fíltà, màá fókọ́ọ̀sì sára àpáta, màá yí lẹ́ńsì sí manual kó má baà tún fókọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀, kí n tó wá rọra dè é padà. Shutter, ìyẹn ìlẹ̀kùn kámẹ́rà tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, tó wà ní 1/60 sẹ́kọ́ńdì láìsí fíltà, á di bíi sẹ́kọ́ńdì 16 tí fíltà bá wà níbẹ̀, torí náà mo pa stabilizer tó ń bá kámẹ́rà dènà ìmìtìtì ọwọ́, torí orí tripod ló wà, mo fi táímà sẹ́kọ́ńdì 2 sí i kọ́wọ́ mi má baà mì ín. Omi tó ń ta sójú fíltà ńkọ́? Áńkáṣíìfù gbígbẹ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sọ fótò náà di dúdú àti funfun, òjò ti jẹ́ kómi pọ́n bíi tíì, ìyẹn ò hàn mọ́. Ewé tí atẹ́gùn ń fì nìkan ni mi ò tíì rí nǹkan ṣe sí jàre.